Ta Ló Ni Ẹ̀kọ́? Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti Ìkọ́ni Tó Ṣí Ilẹ̀kùn Sílẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Ní ọdún 1989 ni ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí iṣẹ́ àyẹ̀wò tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe láti ọdún 1970 sí 1978 nípa fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Macauley àti Sokoya, ni wọ́n ṣe olóòtú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìwé náà ń sọ, nítorí náà ó rọrùn fún àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Bíbélì láti rò pé kò kàn wá. Èrò wa nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó yẹ kí a kà á, kí a yìn ín níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i, kí a sì bi í ní ìbéèrè kan tí kò dáhùn tán: ta ló ni ẹ̀kọ́? Ṣé olùkọ́ tó ń sọ ọ́ ni, àbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ ọ, àbí ìjọ tí àwọn méjèèjì ń sìn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ fún àwa tí a wà ní ẹkùn Yewa. Láti Ìláròó dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdírókò, àwọn tí a ń kọ́ lónìí ni yóò dúró níwájú ìjọ lọ́la. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gba nóòtù, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fi wàásù, Yorùbá ni wọn yóò fi la àárín tọkọtaya, òun ni wọn yóò fi tu ọlọ́fọ̀ nínú. Níbòmíràn, ohùn Ọ̀họ̀rí, Kétu tàbí Ànàgó ni wọn yóò bá pàdé. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, èdè Ègùn ni. Bí ẹ̀kọ́ tí a fún wọn kò bá lè kúrò nínú nóòtù kí ó dé ẹnu wọn, a jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Ìjọ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ohun tí Fafunwa ṣe

Èkó ni a bí Fafunwa sí ní 1923. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955, ó kọ́ni ní Nsukka kí ó tó wá sí Ifẹ̀, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní 1990. Ó ṣaláìsí ní 2010. Ẹni tó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó máa kọ ìwé lórí bí ó ṣe yẹ kí àwọn tíṣà máa kọ́ni. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, wọ́n gbé èrò wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà.

Ìlànà wọn kò díjú. Àwọn ọmọ kan gba gbogbo ẹ̀kọ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dunjú. Àwọn ọmọ kejì tẹ̀lé àṣà tó ti wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdánwò wé ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìròyìn tí ìwé náà mú wá ni pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tàbí jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ tí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé yóò sọnù.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, iṣẹ́ ńlá wà níwájú wọn. Wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní Yorùbá. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí a kì í fi Yorùbá pè ní kíláàsì. Wọ́n ní láti kọ́ àwọn tíṣà pàápàá, nítorí tíṣà tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò lè sọ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó má sì mọ bí yóò ṣe fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ibi tí ìyìn ti tọ́ sí i

Ohun mẹ́ta ni a rí yìn nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì bá àwa olùkọ́ òjíṣẹ́ wí.

Èkíní, ó wọn iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò sọ pé nítorí pé òun fẹ́ràn Yorùbá, Yorùbá ni yóò dára jù. Ó fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì, ó sì dúró fún ọdún mẹ́fà kí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó parí. Nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, a fẹ́ràn ẹ̀rí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, iye àwọn tó wọ ẹ̀wù oyè lọ́jọ́ àṣeyẹ ni a sábà máa ń kà. A kì í padà lọ wo bí àwọn tí a kọ́ ṣe ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú ìjọ abúlé.

Èkejì, kò gan Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá gbèjà Yorùbá fẹ́ ti ọmọ mọ́lé ni. Iṣẹ́ Ifẹ̀ fi hàn pé ẹni tó bá dúró dáadáa lórí èdè rẹ̀ ló ń na ọwọ́ jìnnà. Ìwé Nehemáyà orí kẹjọ ti fi èyí hàn wá tipẹ́: a ka Òfin sí etí gbogbo ènìyàn, àwọn Léfì sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé wọn. Ọjọ́ tó yé wọn ni wọ́n sunkún, ọjọ́ náà ni wọ́n sì lọ jẹ àsè. Kíkà nìkan kò tó.

Ẹ̀kẹta, olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ yí padà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ifẹ̀ ní láti kọ́ ohun tí wọn kò mọ̀ kí wọ́n tó lè kọ́ni. Olùkọ́ tí nóòtù rẹ̀ kò yí padà láti ogún ọdún, tí ìwé tó fi ń kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, kò lè sọ pé ìyè wà nínú ẹ̀kọ́ òun.

Ibi tí a ti bá a jiyàn

Síbẹ̀, a kò lè kà á kí a má jiyàn. Iṣẹ́ tí yunifásítì ń ṣọ́, tí owó òkèèrè wà lẹ́yìn rẹ̀, kò jọ kíláàsì ojoojúmọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bákan náà, ìwé tó fẹ́ jẹ́rìí pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ró, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ó yé wa pé àwọn aláṣẹ ìjọba àti àwọn tó fowó ràn wọ́n lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè kà á. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ìṣòro wà hàn: a gbà pé Yorùbá tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà, a kò tíì gbà pé ó tó fún àgbàlagbà tó ń ronú jinlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ wà nínú ìdẹkùn kan náà.

Àríyànjiyàn wa tó jinlẹ̀ jù nìyí. Ní Ifẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ìwé, lẹ́yìn náà ni ìwé lọ bá ọmọ. Èdè yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò yí padà. Láti òkè sọ̀kalẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣì ń bọ̀. Ọmọ náà gbọ́ ohun tí a sọ, ó sì yé e, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ kò sí àyè fún un láti fi ohun tó mọ̀ kún ohun tí a ó fi kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A lè fojú fo èyí fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ òjíṣẹ́? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin wà nínú wọn, àti àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti ẹni tó ti ń ṣọ́ ìjọ fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, mélòó-mélòó ni fún àgbà tó wá jókòó sí bẹ́ǹṣì wa?

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ohun tó sún mọ́ èyí tí a ń wí. Ní 1963 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìwé, iṣẹ́ ọwọ́, ìṣòwò àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí a ti kọ́ ìmọ̀ nípa àwùjọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, tí a kò pín in sí ìtàn lọ́tọ̀, jọ́gíráfì lọ́tọ̀. Nígbà tí kò sí ìwé tó bá ohun tí wọ́n ń kọ́ mu, àwọn tíṣà ibẹ̀ fúnra wọn ló jókòó kọ ìwé fún kíláàsì kìíní àti ìkejì. Kálàmù ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti dé ọwọ́ tíṣà. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kí ó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ nípa ìkọ́ni tó ṣí sílẹ̀ ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn olùkọ́ yunifásítì báyìí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ilẹ̀kùn kìíní ni ẹnu ọ̀nà: kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọlé. Yunifásítì National Open University tí òfin dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí a sì tún ṣí ní 2002, ilẹ̀kùn yìí ló ṣí. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó wà lórí àléfà nígbà tí a tún un ṣí, padà wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní 2018, lẹ́yìn tó ti kọjá ẹni ọgọ́rin ọdún. Ilẹ̀kùn kejì ni ìwé: kí ẹni tí kò lówó lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́. Yunifásítì yẹn náà gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùṣọ́-àgùntàn tó ní fóònù sì lè kà wọ́n láti abúlé rẹ̀.

Ìdúpẹ́ ni fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà tó ṣí wọlé, tó sì gba ìwé ọ̀fẹ́, lè ṣì jẹ́ ẹni tí a kàn ń kó ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kẹta ni kálàmù, òun ló sì ṣòro jù láti ṣí. Ọdún 1970 tí iṣẹ́ Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà ni ìwé Paulo Freire tó lókìkí jù jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ará Brazil ni Freire, ọmọ ìjọ Àgùdà, tí àwọn ológun fi sẹ́wọ̀n ní 1964 nítorí pé ó ń kọ́ àwọn tálákà ní ìwé kíkà. Ẹ̀sùn tó fi kan àwa olùkọ́ ni pé a sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí a ń kó owó sí. Ní èdè wa, a lè sọ pé a sọ ọ́ di kóló. Olùkọ́ ń ju kọ́bọ̀ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, a fọ́ kóló láti ka iye kọ́bọ̀ tó wà níbẹ̀. Kóló kò ná owó rí.

Ní 2013, David Wiley ti Amẹ́ríkà mú ọ̀rọ̀ náà wá sórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ àṣesọnù: akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ràn láti ṣe é, olùkọ́ kò fẹ́ràn láti máàkì í, lẹ́yìn máàkì ó di ti ààtàn. Ẹ fi èyí wé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìláròó. Bọ́tìnnì lásán ni ọmọ-iṣẹ́ lè kọ́kọ́ máa rán, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà gan-an ni ó ń rán an mọ́. Bí ó bá dára, ẹnìkan yóò wọ̀ ọ́ lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé. Bí kò bá dára, ọ̀gá yóò ní kí ó tú u, kí ó tún un rán. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kò mọ iṣẹ́ àṣesọnù. Inú ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí ilẹ̀ wa

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ nípa ìwà Kristẹni, kí a gbé e lé orí fàyàwọ́. Nóòtù tí a sábà máa ń fi kọ́ ọ yóò tọ́ka sí Róòmù orí kẹtàlá, yóò sọ pé kí onígbàgbọ́ tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ, yóò sì kọjá sí orí tó kàn. Ohun tó sọ tọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣọ́ ìjọ nítòsí ẹnubodè ní ohun tí nóòtù náà kò ní. Ó mọ̀ pé láti 2016 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ìrẹsì òkèèrè gba ojú ilẹ̀ wọlé. Ó rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2019 tí a ti ẹnubodè pa, tí ti Ìdírókò kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ó mọ bí ojú àwọn opó ṣe rí láàrin ọdún wọ̀nyẹn. Ó tún mọ̀ pé orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ìyàwó aṣọ́bodè àti ìyá ọlọ́kadà tó ń gbé ìrẹsì lóru ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi.

Àwọn ìbéèrè tó ń dé iwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ìwé. Ṣé kí ó gba ìdámẹ́wàá owó ìrẹsì yẹn? Bí a bá pè é láti wá gbàdúrà sí mọ́tò tuntun, tí ó sì mọ ohun tí mọ́tò náà yóò máa gbé, kí ni yóò sọ? Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣàdéhùn lé lórí ní 1889 gba àárín àwọn ẹbí kan kọjá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ti obìnrin tó gbé agbọ̀n tòmátò láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì, àti ti ọ̀gá tó ń fi ọkọ̀ mẹ́wàá kó ẹrù, tó sì ń fún àwọn ọmọkùnrin ní ìbọn láti ṣọ́ ọ̀nà?

Olùkọ́ tó gbọ́n kò ní dá èsì nìkan ṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú Ìwé Mímọ́ wá ní kíkún: Róòmù kẹtàlá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Johanu Onítẹ̀bọmi sí àwọn agbowó-òde àti àwọn ọmọ-ogun nínú Lúùkù orí kẹta pẹ̀lú, àti ti Sákéù, àti ohun tí àwọn wòlíì sọ nípa òṣùwọ̀n èké. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá lórí ìṣòro kan gan-an, pẹ̀lú ìmọ̀ràn tí òun yóò fún ọmọ ìjọ náà àti ẹsẹ Bíbélì tó gbé e ró. Kíláàsì yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò tako ibi tó bá yẹ, ẹni tó kọ ọ́ yóò sì tún un kọ. Ní ìparí sáà, a ó kó wọn pọ̀ di ìwé pélébé. Àwọn tó bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo; ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ kà, wọn yóò wá àléébù rẹ̀, wọn yóò fi tiwọn kún un. Ní ọdún márùn-ún, ẹkùn Yewa yóò ní ìwé ìtọ́ni lórí fàyàwọ́ fún olùṣọ́-àgùntàn, irú èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo kò lè jókòó kọ, yálà ó wà ní Èkó tàbí ní Harvard.

Yorùbá wọn pàápàá yóò dàgbà. Ní 1984 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú àkójọ èdè-ìperí Yorùbá fún àwọn tó ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Èdè-ìperí ti ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Bíbélì kò ní í sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Nígbà tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ bá jìjàkadì láti fi Yorùbá ya ìdáláre sọ́tọ̀ kúrò lára ìdáríjì nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní gbèsè, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yóò jáde.

Àwọn àtakò tó yẹ kí a dáhùn

Àwọn kan yóò béèrè bóyá a fẹ́ máa dìbò lórí Mẹ́talọ́kan. Rárá o. Ìgbàgbọ́ tí a fi lé àwọn ènìyàn mímọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí kíláàsì ń tún ṣe. Níhìn-ín ni a ti yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú àwọn tó ń polongo ìkọ́ni tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òtítọ́ ni ohun tí àwọn tó wà nínú yàrá bá fẹnu kò sí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Olùkọ́ ṣì ní ohun tí yóò fi léni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kọ̀wé sí Kọ́ríńtì, ní kí àwọn yòókù dán ọ̀rọ̀ wòlíì wò. A sì yin àwọn ará Béríà nítorí pé wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì wò nínú Ìwé Mímọ́. Ẹ̀kọ́ tí kò fara mọ́ ìbéèrè kò lágbára ju ti Pọ́ọ̀lù lọ.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Mùsùlùmí ni Fafunwa, Freire sì jẹ́ ọmọ Àgùdà. Kí ni Pẹ́ńtíkọ́sì ń wá lọ́dọ̀ wọn? Mósè gba ìmọ̀ràn Jẹ́tírò. Nílé wa níhìn-ín, a kò gbàgbé pé Pásítọ̀ W. F. Kumuyi kẹ́kọ̀ọ́ ní Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí Tai Solarin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ dá sílẹ̀ ní 1956. Nígbà tí Kumuyi jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ní 1973, ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló fi bẹ̀rẹ̀ ohun tó di ìjọ Deeper Life. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kékeré ni ìṣísílẹ̀ ńlá náà ti jáde.

Àtakò kẹta ni àwa fúnra wa fẹ́ gbé dìde, nítorí a kò rí i kí àwọn olùkọ́ yunifásítì máa dààmú nípa rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Kì í ṣe gbogbo ohun ni a ń ṣí. Àṣírí ọmọ ìjọ kì í ṣe ohun èlò ìkọ́ni. Ní ìlú kékeré, pípa orúkọ mọ́ nìkan kò tó. Bí a bá kọ pé opó kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọjà ti mọ ẹni náà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń da ìtàn mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, bí a ṣe ń yí iṣẹ́ àti àdúgbò padà, àti ìgbà tó yẹ kí a má kọ rárá. Bí kíláàsì kò bá lè ṣọ́ èyí, kí ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹrin ni ti orúkọ lórí iṣẹ́. Ilẹ̀kùn tó ṣí lè di ọ̀nà olè. Bí olùkọ́ bá kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, tó fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan sí iwájú ìwé, tó sì tà á padà fún wọn, ìyẹn kì í ṣe ṣíṣí, ìrẹ́jẹ ni. Orúkọ ẹni tó kọ gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tó kọ, kí a sì gba àṣẹ rẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ní ti àkókò àti ìdánwò, a kò ní kí ẹnikẹ́ni da ètò ẹ̀kọ́ rú. Fafunwa fi ilé-ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ́dún yìí, kí ó mú iṣẹ́ àṣetiléwá kan nínú rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ di ohun tí ìjọ kan yóò lò: ìlànà ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn ọmọ Ọ̀họ̀rí, ìmọ̀ràn fún tọkọtaya tí ọkọ ń gbé ní òdìkejì ààlà, àlàyé Sáàmù kan fún àwọn tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣe bíi ti Ifẹ̀: kí ó fi wé tàtijọ́, kí ó lọ sí ìjọ, kí ó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbọ́.

Ìdájọ́ wa lórí iṣẹ́ Fafunwa ni pé ó gbé ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ní èdè ilé wa, ó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Kò tíì gbé kálàmù lé onílé lọ́wọ́. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún, àwọn apàgọ́ méjì, Àkúílà àti Prisikílà, pe Apólò sọ́dọ̀, wọ́n sì la ọ̀nà Ọlọ́run yé e sí i. Apólò jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì gbọ́ tiwọn. Ìjọ Ákáyà ló sì jèrè rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ wo orí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú yín. Apàgọ́ lè wà níbẹ̀.